Òkúta Tó Ń Léfòó

Kí aago mẹ́rin ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn tó lù, ó di dandan kí wọ́n mọ̀ bóyá òkúta ṣì kù nínú Bàbá Ọláṣùpọ̀ tàbí kò kù. Aago mẹ́rin ni Dókítà Adéṣẹ́gun máa kúrò nílé ìwòsàn lọ sí pápákọ̀ òfurufú, kò sì ní padà sí Èkó títí oṣù mẹ́ta. Nínú gbogbo dókítà tó ń wá sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì Magodo yẹn, lọ́dún 2006 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ti rọ́bà gígùn tó ní iná àti kámẹ́rà lórí gba ẹnu aláìsàn, títí dé ibi tí òróòro ti ń ṣàn wọ ìfun, kí ó sì fa òkúta jáde níbẹ̀ láìfi ọ̀bẹ kan ara. Tó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn. Bàbá sì rèé, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, wọn ò ní oṣù mẹ́ta lọ́wọ́. Bóyá ni wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é fún wọn. Òkúta mẹ́rin ló jáde. Súmbọ̀, tó ń ran Dókítà lọ́wọ́, ló fọ̀ wọ́n, tó kó wọn sínú ìgò kékeré, tó sì gbé ìgò náà fún Àpèkẹ́, ọmọ Bàbá, nítorí àṣà ibẹ̀ nìyẹn: ẹni tó mú èèyàn wá gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n yọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ojú Bàbá tí ibà apọ́njú ti kùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun padà. Lọ́jọ́rú wọ́n mu ẹ̀kọ, wọ́n tiẹ̀ bú nọ́ọ̀sì pé ṣúgà rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yìí, nígbà tí Súmbọ̀ wọ wọ́ọ̀dù, ojú náà ti tún di rúsúrúsú bí àgbàdo tó gbó, ìtọ̀ inú àpò rọ́bà tó so mọ́ ẹsẹ̀ ibùsùn ti dúdú, otútù sì ń gbọ̀n wọ́n débi pé irin ibùsùn ń lu ògiri.

Nǹkan kejì tí Súmbọ̀ rí, kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tutù. Kì í ṣe pé omi dà sí i. Ó tutù bí ìgbà tí ẹni tí aṣọ rẹ̀ rin gbingbin bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ó fi aṣọ nù ún. Nígbà tó wo aṣọ náà, yanrìn wà lára rẹ̀, yanrìn odò, funfun, kíkúnná. Bẹ́ẹ̀, òkè pátápátá ni wọ́ọ̀dù wà, nínú ilé alájà mẹ́ta, tí wọ́n ń fi Ízààlì nù láàárọ̀ àti lálẹ́.

Súmbọ̀ kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ilẹ̀ gbígbá ló bá wọ ilé ìwòsàn náà ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, láti ilé wọn ní Ìkòsì. Wọ́n ní kó máa fọ rọ́bà dókítà lẹ́yìn iṣẹ́. Ó fọ̀ ọ́ títí ó fi mọ gbogbo ihò ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí ẹni tó ń ran dókítà lọ́wọ́ kò wá, wọ́n ní kó bá wọn di wáyà mú, kò sì tíì sọ wáyà sílẹ̀ láti ọjọ́ náà. Òun ló ń ṣí agbọ̀n tín-ín-rín tí wọ́n fi wáyà ṣe, èyí tí wọ́n fi ń há òkúta mọ́; òun ló ń pa á dé; òun náà ló ń po dáì, ìyẹn oje tí wọ́n ń fà sínú ọ̀nà òróòro kí ọ̀nà náà lè hàn lójú X-ray. Kò mọ orúkọ tí ìwé ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ wọ́n, bí ọwọ́ onídìrí ṣe ń mọ ibi tí irun ti pín láì wò ó.

Ọwọ́ yìí kan náà ló sì ń dá a lẹ́bi láàárọ̀ yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí òkúta mẹ́rin ti jáde, Dókítà ní kó fa dáì sí i kí wọ́n wò ó bóyá ọ̀nà ti mọ́. Ọ̀nà náà hàn lójú ẹ̀rọ bí odò tó pín sí ẹ̀ka méjì lókè. Nínú odò náà, àmì róbótó kan wà, kò ju ẹyọ ẹ̀wà lọ. Irú àmì bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òkúta; ó sì lè jẹ́ afẹ́fẹ́ lásán tó bá dáì wọlé. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á gbé orí tábìlì sókè díẹ̀. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́, á gòkè. Tó bá jẹ́ òkúta, á rọ̀ sísàlẹ̀. Wọ́n gbé tábìlì sókè. Àmì náà dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wọ ibi tí ojú kò tó o mọ́.

Súmbọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ni. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, afẹ́fẹ́ ni, ó sì fa rọ́bà jáde.

Ṣùgbọ́n dáì ọjọ́ náà, ògidì ni Súmbọ̀ fà á láti inú ìgò. Ìlànà Dókítà ni pé kó máa fi omi iyọ̀ là á dọ́gbandọ́gba, torí dáì tó bá ki jù á bo òkúta kékeré mọ́lẹ̀, òkúta tó bá sì fúyẹ́ á léfòó nínú rẹ̀ bí ẹyin ṣe ń léfòó nínú omi oníyọ̀. Omi iyọ̀ ló tán lórí tábìlì. Òmíràn wà nísàlẹ̀ ilé, aláìsàn sì ti sùn. Súmbọ̀ fa ògidì, ó sì pa ẹnu mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Ẹtì yìí, ó gbé òwú gòkè lọ sí wọ́ọ̀dù lọ́sàn-án gangan. Bàbá ń sùn. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó tó ẹni ọgbọ̀n ọdún, èjìká rẹ̀ fẹ̀, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, kò wọ bàtà. Súmbọ̀ rò pé ará ilé Bàbá kan ló ti Agboyi, ìlú wọn létí odò, wá, ó sì kí i. Awọ ọmọ ìka rẹ̀ ló mú Súmbọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kejì: ó funfun, ó hunjọ, bíi ti ẹni tó fọ aṣọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọkùnrin náà kò gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

"Ọ̀kan kù. Òkè ló wà, níbi tí ọ̀nà ti pín."

"Uncle, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Mo mọ ibẹ̀."

Sister Judith, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà, pe Súmbọ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó yíjú síbẹ̀, ó dáhùn. Nígbà tó padà wo àga, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́ọ̀dù ní, òun gan-an ló sì dúró sí i. Ó bi Judith pé ta ni ọkùnrin tó wá kí Bàbá. Judith bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkùnrin wo? Súmbọ̀, ọkọ ń wù ọ́. Ẹ̀fọn gan-an ń sáìn ní géètì kó tó wọ ibí."

Súmbọ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí iṣẹ́ pọ̀, torí pé ẹni tó bá ní nǹkan tó ń pa mọ́ kì í fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ jù. Ìgbà tó fi aṣọ nu yanrìn lórí àga lárọ̀ọ́ ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sinmi mọ́.

Aago mẹ́wàá ni wọ́n fi ẹ̀rọ skáànù wo ikùn Bàbá. Ọ̀nà òróòro fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n gáàsì inú ìfun bo òkè rẹ̀, ẹni tó ń wò ó kò rí òkúta kankan. Dókítà Adéṣẹ́gun gbé àwòrán ọjọ́ Ajé sókè níwájú fèrèsé, ó wò ó síhìn-ín sọ́hùn-ún. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó ní ọ̀nà mọ́ lójú òun. Ó ní ó lè jẹ́ pé ibẹ̀ wú lẹ́yìn iṣẹ́ ni, tàbí kòkòrò ló wọ̀ ọ́. Ó ní òun máa kọ abẹ́rẹ́ tó lágbára sílẹ̀. Ó ní arúgbó tí ibà ń gbọ̀n báyìí, èèyàn kò gbọdọ̀ ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan nítorí bóyá.

Súmbọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, Bàbá á kú, òun nìkan á sì mọ ohun tó pa wọ́n.

"Sà, mi ò la dáì ọjọ́ Ajé. Ògidì ni mo fà."

Dókítà sọ àwòrán kalẹ̀. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Súmbọ̀ ní ẹ̀rù ló ba òun. Dókítà kò bú u. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo Súmbọ̀, ó ní kó lọ múra Bàbá sílẹ̀, aago méjì ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, kó rí i dájú pé dísẹ̀lì wà nínú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí Súmbọ̀ ti fẹ́ jáde, ó tún yíjú padà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ wo òkè, níbi tí ọ̀nà ti pín. Dókítà rò pé iṣẹ́ ló kọ́ ọ ní ìyẹn. Kò bi í pé ta ló sọ fún un.

Bàbá ló kọ̀.

Àpèkẹ́ ti dé nígbà náà. Obìnrin ọ́fíìsì ni, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó ń gbé nínú ẹ́sítéètì Magodo. Òun ló gbé bàbá rẹ̀ kúrò ní etí odò wá síbí. Ó mú ìwé àṣẹ iṣẹ́ dání, ó ń bẹ bàbá rẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ka. Bàbá ń mi orí. Wọ́n ní kí òkúta náà wà níbi tó wà. Lójijì wọ́n dá ọ̀rọ̀ Àpèkẹ́ dúró, wọ́n kọjú sí Súmbọ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ìwọ náà rí i."

Súmbọ̀ fẹ́ sọ pé òun kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ó fẹ́ béèrè pé rí ta ni. Ojú Bàbá wà lára àga, kò sí ohun tó yẹ kó tún béèrè.

"Mo rí wọn, Bàbá."

Bàbá pa ojú dé. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ní ohùn kékeré, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àga gbọ́.

Ọdún kọkàndínlógún rèé, àwọn ni olórí àwọn tó ń wọ ìsàlẹ̀ odò lọ bu yanrìn ní Agboyi. Olórí kì í wọ omi. Inú ọkọ̀ ló ń jókòó sí, igbá kan níwájú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wọ omi, olórí á ju òkúta kékeré kan sínú igbá. Bí onítọ̀hún bá yọrí, olórí á pe orúkọ rẹ̀ sókè, á mú òkúta kan nínú igbá, á jù ú sódò. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tukọ̀ lọ sílé bí òkúta bá ṣì wà nínú igbá. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ju òkúta láìpe orúkọ.

Ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Jayé. Kò sí ẹni tó lè pẹ́ nísàlẹ̀ omi tó o. Lọ́jọ́ kan, òjò ṣú, odò ń ru, Bàbá ti ní kí iṣẹ́ parí, gbogbo wọn sì ti yọrí. Lọ́rìí ẹni tó fẹ́ ra yanrìn ń fun fèrè létí omi. Yanrìn kù díẹ̀ kó kún, kò ju garawa méjì lọ. Àwọn yòókù ti wà lórí ilẹ̀, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó o. Bàbá bẹ Jayé pé kó bá àwọn wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Jayé rẹ́rìn-ín, ó gba garawa, ó wọ omi lọ. Bàbá ju òkúta kan sínú igbá.

Kò yọrí.

Bàbá dúró dè é. Wọ́n ka iye èémí tí èèyàn lè dá dúró, wọ́n kà á kọjá. Odò ń lọ ní tirẹ̀. Àwọn yòókù ń bọ̀ wá sínú ọkọ̀, wọ́n á wo inú igbá, torí gbogbo wọn ló máa ń wò ó kí wọ́n tó gbé àjẹ̀. Wọ́n á béèrè pé ta ló rán èèyàn wọ omi lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, nínú irú omi yẹn.

"Mi ò lè jù ú," ni Bàbá wí. "Mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Mo gbé e mì."

Igbá ṣófo, àwọn yòókù sì rò pé orí ilẹ̀ ni Jayé gbà lọ. Wọ́n tukọ̀ lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì Bàbá sọ fún gbogbo èèyàn pé Jayé gba owó lọ́wọ́ onílọ́rìí, ó sì ti bá ọkọ̀ òkun sá lọ sí Gàbóòn. Gbogbo Agboyi gbà á gbọ́, wọ́n ń pe Jayé ní olè títí di òní. Bàbá rán ọmọ wọn obìnrin, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kó lọ sọ ọ́ fún ìyá Jayé.

Ìwé ọwọ́ Àpèkẹ́ ti ká.

"Daddy, èmi lẹ rán."

"Ìwọ ni."

Irin ibùsùn ń lu ògiri. Ohun tí èèyàn bá gbé mì, ìgbẹ́ ló ń bá jáde. Kì í yà sínú ọ̀nà òróòro, kì í sì í gbé inú èèyàn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Súmbọ̀ mọ èyí dáadáa. Ó tún wo àga.

Bàbá ní bí wọ́n bá yọ òkúta náà, kò ní sí ohun tó máa dá Jayé dúró sórí àga mọ́. Súmbọ̀ rò ó. Ó ní Uncle yẹn kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n láti ọjọ́ tó ti ń wá. Òkúta ló ń pa wọ́n.

Àpèkẹ́ na ìwé náà. Ó fa ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò wọn ti yíǹkì.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó jáde."

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá dùbúlẹ̀ lórí ikùn, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ mú wọn sùn, rọ́bà ti wà lẹ́nu wọn. Lọ́tẹ̀ yìí Súmbọ̀ la dáì, ìdajì omi iyọ̀, ìdajì dáì, ó sì fi han Dókítà kó tó fà á. Ọ̀nà náà hàn lójú ẹ̀rọ, kò ki, ó mọ́ gaara bí omi àmù. Lókè pátápátá, níbi tó ti pín sí ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, àmì róbótó kan jókòó sí oríta, ó dí ẹ̀ka méjèèjì pa. Kò léfòó. Kò rọ̀. Ó jókòó ni.

Dókítà mí kanlẹ̀. Ó ní òun ti rí i.

Ó ti wáyà gòkè, Súmbọ̀ ṣí agbọ̀n. Agbọ̀n yí òkúta ká. Súmbọ̀ pa á dé, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń ṣe é. Òfìfo ló pa dé. Wọ́n tún un ṣe. Òfìfo. Nígbà kẹta, Súmbọ̀ rí i kedere pé òkúta wà láàárín wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, síbẹ̀ nígbà tó fi máa pa á dé, ó ti wà lẹ́yìn wọn. Dókítà ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí òun ki rọ́bà kékeré kan bọ inú ọ̀nà kí òróòro lè máa rí ibi gbà títí òun á fi dé. Ṣùgbọ́n wáyà tó yẹ kó ṣíwájú rọ́bà náà kò kọjá oríta. Gbogbo ìgbà tó bá débẹ̀ ló ń ṣẹ́rí padà.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Sister Judith ka ìfúnpá Bàbá síta. Ó ń lọ sílẹ̀. Ó tún kà á, ó tún lọ sílẹ̀ sí i. Awakọ̀ Dókítà ti kan ilẹ̀kùn nígbà méjì.

Omi kan kán sẹ́yìn ọwọ́ Súmbọ̀, lórí ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ó tutù nini. Ó wo òkè àjà. Òkè àjà gbẹ.

Ìgbà yẹn ló yé e. Wọ́n ti ń fa èèyàn jáde láti ẹ̀ẹ̀kan, kò sí ẹni tó pe orúkọ rẹ̀.

Ó ṣí agbọ̀n wáyà. Ó tẹ̀ síwájú, lẹ́bàá etí Bàbá, ó sì pè é, kò pariwo, ó kàn jẹ́ kó dún bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ṣe máa pe ẹni tó ń yọrí.

"Jayé. Jáde."

Lójú ẹ̀rọ, àmì náà mì. Kò gòkè bí afẹ́fẹ́, kò rọ̀ bí òkúta. Ó kúrò ní oríta, ó sì wọ inú agbọ̀n fúnra rẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Súmbọ̀ pa á dé. Nǹkan kan le nínú rẹ̀. Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, òróòro dúdú sì ya lẹ́yìn rẹ̀ bí gọ́tà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó.

Ìṣẹ́jú ogún ló kù kí aago mẹ́rin lù nígbà tó jáde sínú àwo irin. Mẹ́rin àkọ́kọ́ ní àwọ̀ búráùn, ọwọ́ lè rún wọn. Èyí jẹ́ eérú, ó pẹlẹbẹ, ó dán, bí ohun tí odò ti fọ̀ fún ọdún púpọ̀. Dókítà fi irin kàn án, ó dún gbàn-ìn. Ó gbé e súnmọ́ iná. Ó wá béèrè pé ta ni Jayé. Súmbọ̀ ní ẹni tó jáde yẹn ni, sà. Dókítà wò ó bí ẹni tí bàlúù ń dúró dè, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó lọ.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ibà ti lọ lára Bàbá. Àga gbẹ.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àpèkẹ́ bẹ Súmbọ̀ pé kó sin òun dé Agboyi. Ó ní òun ò lè dá gbé ìgò tí òkúta karùn-ún wà nínú rẹ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ketu, oòrùn mú, omi dákẹ́. Ní ojú ibi tí wọ́n ti ń bu yanrìn, olórí tuntun jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọlánípẹ̀kun. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí ló wà níwájú rẹ̀ dípò igbá, òkúta mẹ́jọ sì wà nínú rẹ̀. Èèyàn mẹ́jọ ló wà nísàlẹ̀ omi.

Àpèkẹ́ dìde dúró. Ó ṣí ìgò. Ó pe orúkọ Jayé sókè, orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá tó bí i, ó sì ju òkúta sódò. Kò rì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wà lójú omi fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń mí sínú kó sì mí síta. Lẹ́yìn náà ó lọ.

Àwọn tó wà nísàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Ọlánípẹ̀kun ń pe orúkọ, ó ń ju òkúta. Ẹni keje. Ẹni kẹjọ. Kẹ́ẹ̀gì ṣófo. Orí kan tún yọ lẹ́bàá òpó tí wọ́n so ọkọ̀ mọ́.

Kò gbé garawa. Ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó wọ́dò lọ sí bèbè kejì, èjìká rẹ̀ fẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀, ó gba àárín eèsún lọ sí ọ̀nà Ajegunle. Àwọn mẹ́jọ dúró sínú omi, wọ́n ń wò ó. Ọlánípẹ̀kun wo ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì, ó tún un wò. Ó ní ó pé. Ó ní kí wọ́n tukọ̀ lọ sílé, bẹ́ẹ̀ oòrùn kò tíì kọjá àtàrí.

Ọjọ́ Àìkú ni Àpèkẹ́ lọ sí Ajegunle, lọ́dọ̀ ìyá Jayé, arúgbó tó ń dá gbé yàrá kan nítòsí Owódé Onírin. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó fi tirẹ̀ kún un. Ìyá náà gbọ́ ọ tán. Kò sunkún. Ó ní kó rọra máa sọ̀rọ̀.

"Ó ti dé láti àná. Ara rẹ̀ ni kò tíì gbẹ."

Bí nǹkan ṣe rí báyìí nìyí. Bàbá Ọláṣùpọ̀ wà láàyè. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ níwájú gbogbo Agboyi, kò sì sí ẹni tó ń pe Jayé ní olè mọ́. Àwọn tó ń kí Bàbá náà kò pọ̀. Nígbà tí Dókítà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n tún fa dáì, wọ́n tún gbé tábìlì sókè, ọ̀nà òróòro mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Súmbọ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Àpèkẹ́ ń gbé oúnjẹ lọ sí Ajegunle ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í wọlé. Á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á kí ìyá náà, ẹni méjì á sì dá a lóhùn.